Ìbéèrè Tí Olè Kò Lè Dáhùn

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àìrí ara wa. Mo mọ̀ pé ìdí máṣíìnì ni lẹ́tà yìí máa bá yín, nítorí náà ẹ rán ẹsẹ̀ sòkòtò tó wà lọ́wọ́ yín tán kí ẹ tó máa kà á lọ. Ara mi le. Òtútù ibí ò tíì rí mi gbé ṣe. Iṣẹ́ náà ń lọ dáadáa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ fọ́tò mi mọ́ ògiri lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, pé nínú gbogbo àwa tí à ń kọ́ àwọn oníbàárà báńkì bí wọ́n ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ gbájúẹ̀, èmi ni mo ta yọ lọ́dún tó kọjá.

Bàbá, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn gan-an ló mú mi kọ̀wé. Lọ́jọ́ Àìkú tí a jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí mo sì ń rí ojú yín, inú mi dùn pé wáìfáì tí mo sanwó rẹ̀ ti dé ṣọ́ọ̀bù. Àfi bí mo ṣe rí ìwé kan lẹ́yìn orí yín. Ẹ fi píìnì gún un mọ́ ògiri, ẹ sì fi lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà kọ pásíwọ́ọ̀dù wáìfáì sí i. Mo ka gbogbo rẹ̀ tán láti ibi tí mo wà, láìwo dígí. Bí èmi tí òkun wà láàárín wa bá lè kà á, ta ni kò ní í kà á?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. Kí ẹ sì yí pásíwọ́ọ̀dù náà padà, nítorí èyí tó bá wáìfáì náà wá látilẹ̀ ni ẹ ṣì ń lò. Ẹ má fi ọjọ́ ìbí yín ṣe é, ẹ má sì fi nọ́ńbà fóònù yín ṣe é. Ẹni tó bá wọ inú wáìfáì yín, inú ilé yín ló wọ̀ yẹn. Ó lè máa yọjú wo ohun tí ẹ ń ṣe, ó sì lè fi orúkọ yín hùwà tí ọlọ́pàá yóò fi wá kan ilẹ̀kùn yín.

Káàdì báńkì mi ńkọ́? Ẹ rántí pé inú àkáǹtì yẹn ni owó tí mo fẹ́ fi wálé wà. Ẹ̀yin ni mo ní kí ẹ bá mi tọ́jú káàdì náà, torí pé ọwọ́ mi kì í gbélẹ̀ tí mo bá ti rí bàtà tuntun. Mi ò kọ nọ́ńbà rẹ̀ síbì kankan níhìn-ín, ọ̀dọ̀ yín nìkan ló wà. Ẹ má ṣe sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ má sì ya fọ́tò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Láti òní lọ, ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ káàdì, inú lẹ́tà ni ká ti máa sọ ọ́.

Èmi ọmọ yín,
Tíṣà

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Tíṣà mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo rán ẹsẹ̀ sòkòtò tán bí o ṣe pàṣẹ, mo fọwọ́, mo jókòó, mo kà á. Nígbà tí o wà ní kékeré, tí ò ń to rọ́ọ̀lù òwú sórí bẹ́ǹṣì, tí ò ń fi rúlà mi nà wọ́n pé wọn ò gbọ́ ìṣirò, eré la pè é, la bá sọ ọ́ ní Tíṣà. Àṣé iṣẹ́ lò ń kọ́. Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ tán, ó kù díẹ̀ kí n nawọ́ sókè kí n tó mí.

Mo ti yọ ìwé náà. Jẹ́ kí n ròyìn ohun tó tìdí ẹ̀ yọ. Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì, tó ti gbé àga rẹ̀ kúrò níwájú dígí tirẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri mi láti ọjọ́ tí wáìfáì ti dé, ti gbé àga rẹ̀ padà. Kò kí mi mọ́ láàárọ̀, orí ló kàn ń mì sí mi. Nọ́ọ̀sì tó máa ń mú yẹ̀rì wá fún àtúnṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yẹ̀rì rẹ̀ ò ya mọ́. Èmi sì ti ń rò pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ló ń wù wọ́n.

O bi mí ìdí tí mo fi gún un mọ́ ògiri. Rárá o, o ò bi mí, ìbáwí lo fi ṣáájú, ṣùgbọ́n mo máa dáhùn. Aṣọ tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù yìí, mo máa ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí ìwé pélébé, mo sì máa ń fi píìnì gún un mọ́ ọn lára. Wọ́n gbé àpótí wáìfáì wọlé, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀, mo gún òun náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó tíì tìtorí rẹ̀ jà mí lólè.

Tó bá wá jẹ́ ti àṣírí, ọmọ mi, rọra. Ìwé ìwọ̀n mi wà nínú dúrọ́ọ̀ níbí. Gbogbo ìbàdí àdúgbò yìí wà nínú rẹ̀, èyí tó ń fẹ̀ àti èyí tó ń fún. Ìyàwó ọ̀gá ilé ìwé wá lọ́jọ́sí, ó rọra jókòó, ó ní kí n kàn fi ojú sọ fún òun bóyá ọ̀rẹ́ òun ti sanra ju òun lọ. Mo ní aṣọ nìkan ni mo mọ̀, mi ò mọ èèyàn. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìwé yẹn. Ìwọ náà mọ̀, ìwọ lo máa ń dúró lórí àpótí tí màá máa pè é tí wàá máa kọ ọ́. Olè tó bá gbé e yóò rò pé ìwé ìṣirò ọmọ iléèwé ni òun gbé.

Káàdì rẹ wà. Mo ti rán an mọ́ inú ìbàdí sòkòtò kan tí mi ò ní í wọ̀ mọ́. Sòkòtò mẹ́rìnlá ló wà nínú àpótí, mi ò ní í sọ èwo ni.

Èmi náà ní ìbéèrè kan, èyí tí kò sí nínú ẹ̀kọ́ rẹ. Ọdún méje rèé. Lórí fóònù, orí àti ọrùn rẹ nìkan ni mo ń rí. Mi ò mọ̀ bóyá o sanra ni tàbí o rù. Ìgbà wo lò ń bọ̀?

Bàbá rẹ,
Télọ̀

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ìfojúsọ́nà. Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó jókòó tì mí dìde lọ síbòmíràn. Ẹ bá mi bẹ onígbàjámọ̀. Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo lé e, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ṣùgbọ́n ẹ yọ ìwé, ẹ ò sọ pé ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù. Gbogbo àdúgbò ló ti há èyí tó wà tẹ́lẹ̀ sórí. Tí wọ́n bá ń ṣe yín láàánú, àpótí yẹn lè la ọ̀nà méjì, ọ̀kan fún yín, ọ̀kan fún àlejò, bí ilé ṣe máa ń ní pálọ̀ tó sì tún ní yàrá. Ẹni tó bá wà ní pálọ̀ ò ní í rí ohun tó ń lọ nínú yàrá. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ iṣẹ́ náà kó bá yín ṣe é. Kó sì ṣe é kí àpótí náà lè máa gba àtúnṣe tí àwọn tó ṣe é bá ń fi ránṣẹ́, torí pé ihò tí wọn ò tíì dí ni olè ń wá kiri.

Ẹ wá fetí sí èyí tó ṣe pàtàkì jù. Ẹnì kan lè pè yín pé báńkì lòun. Báńkì kì í pe èèyàn béèrè nọ́ńbà káàdì, ẹ pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹlòmíràn lè pè yín pẹ̀lú ohùn mi. Mo ní ohùn èmi gan-an. Ẹ̀rọ wà báyìí tó ń sín ohùn èèyàn jẹ. Ó lè sunkún, ó lè pè yín ní Bàbá, ó lè ní nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí òun. Ẹ má gbà á gbọ́ o. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo lè dáhùn rẹ̀. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má jẹ́ kó sọ gbólóhùn kejì. Ẹ má jẹ́ kí àánú rẹ̀ ṣe yín. Ẹ ṣèlérí fún mi, Bàbá, mo mọ ọkàn yín.

Ó yá, ìbéèrè tiyín: oṣù kẹjọ. Wọ́n ti fún mi ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Owó tíkẹ́ẹ̀tì máa ń wálẹ̀ nígbà tí oṣù karùn-ún bá ń wọlé. Tó bá ti kù díẹ̀, mo máa kọ̀wé pé kí ẹ tú ìbàdí sòkòtò yẹn kí ẹ fi nọ́ńbà káàdì ránṣẹ́, ìdajì nínú lẹ́tà kan, ìdajì tó kù nínú òmíràn. Ẹni tó bá jí ọ̀kan ò ní í rí nǹkan kan fi ṣe.

Èmi ọmọ yín,
Tíṣà

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin

Tíṣà mi,

Oṣù kẹjọ! Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí i lára ògiri. Ìyẹn kì í ṣe pásíwọ́ọ̀dù, má pariwo.

Mo pe obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkángun títì. Ó dé, ó tú èyí, ó tẹ tọ̀hún, nígbà tó sì kan pásíwọ́ọ̀dù tuntun, ó ní kí n fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi títí mo fi tẹ̀ ẹ́ tán. Ojú ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó la ọ̀nà àlejò náà. Ti àlejò, mo ti gún un mọ́ ògiri, kò sì sí ohun tó kàn ọ́ níbẹ̀. Onígbàjámọ̀ ti gbé àga rẹ̀ dé. Yẹ̀rì nọ́ọ̀sì tún ti ya.

O sọ ọ́, ó sì ṣẹ. Ẹnì kan pè mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. "Ẹ káàsán sà, báńkì yín la ti ń pè yín." Mo ní ẹ kú iṣẹ́. Ó ní wọ́n fẹ́ ti káàdì mi pa àfi tí mo bá ka nọ́ńbà iwájú rẹ̀ fún òun. Ó yẹ kí n pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ̀kọ́ rẹ ń dún létí mi. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ náà gùn, kò sì sí oníbàárà. Mo ní kó mú bíírò. Mo ka èjìká fún un, mo ka àyà, mo ka ikùn, mo ka ìbàdí. Ó ń kọ ọ́, ó ń ní, "Ẹ ṣeun sà, ẹ máa bá a lọ sà." Mo ka itan àti orúnkún, mo fi ọrùn ẹsẹ̀ kún un. Ó dúpẹ́ títí, ó ń ṣàdúrà fún mi.

Kò pé wákàtí kan, ó tún pè. Inú ń bí i. "Bàbá, nọ́ńbà tí ẹ kà yìí ò lọ o!" Mo ní, "Níbo ni kó lọ? Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò tíì kúrò lójú kan." Má fòyà, mi ò tú àṣírí oníbàárà kankan. Ère onígi tí mo máa ń wọ aṣọ fún ni mo ka ìwọ̀n rẹ̀.

Ti ohùn rẹ tí o sọ yẹn, mo ṣèlérí. Mo ti ní ìbéèrè náà lọ́kàn, kò sí gbájúẹ̀ láyé tí yóò mọ ìdáhùn rẹ̀.

Mo ti ra aṣọ búlúù kan fún ọ. Mi ò tíì fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Oṣù kẹjọ ni mò ń dúró dè, kí n lè fi téèpù wọ̀n ọ́.

Bàbá rẹ,
Télọ̀

Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún

Tíṣà mi,

Mi ò tíì rí èsì lẹ́tà mi, ṣùgbọ́n ìròyìn tó wà lọ́wọ́ mi ò lè dúró. Bá mi yọ̀. Olè náà pè, pẹ̀lú ohùn rẹ.

Ọjọ́bọ̀ ni, mo ń lọ aṣọ lọ́wọ́. Nọ́ńbà àjèjì ló gbé e wá. "Bàbá, èmi ni o." Mo ní ìwọ ta ni? "Èmi Tíṣà ni. Fóònù mi ò sí lọ́wọ́ mi, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré tú ìbàdí sòkòtò yẹn kí ẹ ka nọ́ńbà káàdì fún mi, bí aago márùn-ún bá lù, tíkẹ́ẹ̀tì ti lọ nìyẹn." Wò ó, ó kù díẹ̀ kí n gbà á gbọ́, torí kò sí ibi tí ohùn náà ò ti jọ tìrẹ. Ó tiẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ ìbàdí sòkòtò! Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ti ń ka lẹ́tà wa lọ́nà. Mo rọra gbé áyọ́ọ̀nù dúró, mo ní, "Ó dáa. Aṣọ búlúù tí mo rán kẹ́yìn fún ìyá ọmọ mi kó tó kú, ọmọ mi ló kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé. Mélòó ni gígùn apá rẹ̀?"

Ó wá ní, "Bàbá, mi ò rántí. Ẹ bi mí ní nǹkan mìíràn, ẹ jọ̀ọ́." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọ mi ò lè gbàgbé apá ìyá rẹ̀. Ó bú sẹ́kún. Ẹkún náà dára gan-an, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ gbìyànjú. Èmi náà ò jẹ́ kí àánú ṣe mí bí o ṣe wí. Mo pè é ní olè, mo pè é ní ọmọ olè, mo ní kó lọ wá iṣẹ́ tó lórúkọ ṣe. Mo pa fóònù. Mo padà sídìí áyọ́ọ̀nù, mo sì jó aṣọ oníbàárà, ṣùgbọ́n owó wíwálé rẹ wà níbi tó wà.

Mo ti sọ ọ́ fún onígbàjámọ̀, ó sì ti sọ fún gbogbo orí tó gẹ̀. Wọ́n ń kan sáárá sí mi ládùúgbò. Ó tó kí wọ́n lẹ fọ́tò tèmi náà mọ́ ibì kan.

O ní o máa kọ̀wé nípa tíkẹ́ẹ̀tì tí oṣù karùn-ún bá ń wọlé. Ó ti wọlé o.

Bàbá rẹ,
Télọ̀

Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù karùn-ún

Tíṣà,

Ṣé kò sí o? Mo pe fóònù rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò lọ. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta ti kọjá tí mi ò rí ojú rẹ. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Mo ń rò ó pé olè tó jí ohùn rẹ yẹn, ta ló mọ ohun mìíràn tó tún jí? Mo ti tú ìbàdí sòkòtò náà wò lẹ́ẹ̀mejì, káàdì wà níbẹ̀, mo sì tún un rán.

Fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́. Mi ò béèrè lẹ́tà.

Bàbá rẹ

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Èmi ni.

Èmi ni mo pè yín ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. Kò sí ẹ̀rọ kankan, kò sí ẹni tó sín mi jẹ. Ẹkún tí ẹ yìn yẹn, èmi ni mo sun ún.

Mo ti kọ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mẹ́rin tí mo sì ń ya á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Lọ́jọ́ náà, mo rí tíkẹ́ẹ̀tì oṣù kẹjọ ní owó tí mi ò rò pé mo lè rí i láé, wọ́n sì ní aago márùn-ún ni wọn yóò ti í pa. Mo ní kí n fi káàdì àkáǹtì tí owó oṣù mi ń wọ̀ ra á kíá. Mo wà ní ilé kọfí tó wà nísàlẹ̀ ọ́fíìsì wa. Wáìfáì ọ̀fẹ́ kan yọ lójú fóònù mi, orúkọ ilé kọfí náà ló ń jẹ́. Kí ó tó jẹ́ kí n wọlé, ó ní kí n tẹ nọ́ńbà káàdì mi kí wọ́n lè mọ̀ pé èèyàn gidi ni mí, pé wọn ò ní í yọ nǹkan kan. Mo tẹ̀ ẹ́. Báńkì fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù mi, èyí tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni mo ń sọ fún èèyàn pé kí wọ́n má fi han ẹnikẹ́ni. Wáìfáì náà ní kí n tẹ ìyẹn náà. Mo tẹ̀ ẹ́. Kí kọfí mi tó tutù, kò sí nǹkan kan mọ́ nínú àkáǹtì náà.

Mo sáré pe báńkì, wọ́n ti káàdì náà pa. Wọ́n gba fóònù mi lọ yẹ̀ wò lọ́fíìsì. Fóònù ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni mo fi pè yín. Káàdì ọ̀dọ̀ yín nìkan ló kù tó lè gbé mi wálé, aago mẹ́rin ààbọ̀ sì ti lù.

Ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi ní ibi iṣẹ́? Wọ́n ní kí n lọ jókòó sí kíláàsì tí èmi fúnra mi ń kọ́. Mo jókòó sí ẹ̀yìn. Ẹni tó ń kọ́ wa ń ka ìwé tí mo kọ. Fọ́tò mi ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń gba ibẹ̀ kọjá láràárọ̀.

Mo lè fara da gbogbo ìyẹn. Èyí tí mi ò lè fara dà ni ìbéèrè yín. Ẹ bi mí, mo sì wá apá aṣọ ìyá mi káàkiri orí mi, mi ò rí i. Mo rí àpótí tí mo dúró lé, mo rí pẹ́ńsù, mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń pe nọ́ńbà. Mi ò rí apá náà. Ẹ ní ọmọ yín ò lè gbàgbé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé bóyá òótọ́ lẹ sọ, bóyá ẹni tó pè yín yẹn kì í ṣe ọmọ yín mọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè pè yín kí ojú wa ko ara wọn.

Tíkẹ́ẹ̀tì ti lọ. Èyí tó kù fún oṣù kẹjọ, apá mi ò ká a. Ẹ má ka nọ́ńbà káàdì fún mi lórí fóònù, kódà bí mo bá bẹ̀ yín. Ẹ̀rù ọwọ́ ara mi ń bà mí.

Èmi ni

Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹfà

Tíṣà mi, ọmọ mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ lórí ìdúró. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa ní ọ̀sán gangan, onígbàjámọ̀ ń bi mí bóyá ara mi ò yá. Mo pè ọ́ ní ọmọ olè. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara mi ná, torí èmi ni ìdajì èébú náà bá. Ìdajì tó kù, mo bẹ̀ ọ́, forí jì mí.

Lẹ́yìn náà ni mo fa dúrọ́ọ̀, mo mú ìwé ìwọ̀n. Mo fẹ́ wo nọ́ńbà náà kí n kọ ọ́ sí ọ, kí o má tún gbàgbé rẹ̀ mọ́. Mo rí ojú ewé náà. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ni, ọwọ́ ọmọ ọdún méjìlá, gbogbo rẹ̀ wọ́ sí apá kan. O kọ "Ìyá wa" sókè. O kọ èjìká, o kọ àyà, o kọ ìbàdí, o kọ gígùn, nọ́ńbà wà níwájú gbogbo wọn. O kọ "apá." Níwájú apá, o fa ìlà, o sì kọ "kò sí."

Tíṣà, aṣọ náà ò lápá.

Mo jókòó. Ó wá ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àìsàn ti mú un nígbà náà, ooru ń dà á láàmú, ó ní òun ò fẹ́ aṣọ tó bo apá òun mọ́. Ìwọ lo bi í pé kí ni kí o kọ síbẹ̀, òun ló ní kí o kọ "kò sí." Ọwọ́ mi yìí ló gé aṣọ náà, ọwọ́ mi yìí ló rán an. Láti ìgbà wo ni mo ti ń fi apá sí i nínú orí mi? Mi ò mọ̀. Mo fi ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, mo sì dúró síbẹ̀ mò ń yan fanda. Ìwọ sọ òótọ́, o ní o ò rántí. Èmi tó dá mi lójú ni mi ò mọ nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà, mi ò ní í pa á mọ́ fún ọ. Ìwọ ń gbàgbé lọ́hùn-ún, èmi ń gbàgbé níhìn-ín, a sì ń fi ìgbàgbé wa ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wa.

Nítorí náà mi ò dúró de oṣù kẹjọ mọ́. Mo ti gé aṣọ búlúù rẹ. Ìwọ̀n ọdún méje sẹ́yìn ni mo fi gé e, òun ni mo ní. Mi ò sì fi apá sí i. Nọ́ọ̀sì oníyẹ̀rì ń bọ̀ wá kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú tó wà nítòsí rẹ lóṣù tó ń bọ̀, òun ni yóò gbé e fún ọ. Mo sọ fún un pé aṣọ lásán ni. Tó o bá gbà á, fọwọ́ pa ìṣẹ́tí rẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, wàá rí ohun tó le níbẹ̀. Tú u. Má jókòó sí ilé kọfí kankan. Fi ẹsẹ̀ rẹ rìn lọ sí ọ́fíìsì àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú, kí o fi káàdì náà lé ẹni tó ní ojú àti imú lọ́wọ́. Bí kò bá tó oṣù kẹjọ, wo oṣù mìíràn. Ọjọ́ tó bá tó ni kí o mú.

Láti òní lọ, bí o bá pè mí tí mo sì bi ọ́ ní gígùn apá aṣọ ìyá rẹ, o mọ ohun tí wàá sọ. Ṣùgbọ́n mo ti kọ ìdáhùn sínú lẹ́tà báyìí, ìwọ lo sì kọ́ mi pé ìwé tó bá ní àṣírí nínú, yíya ni. Tó o bá kà á tán, ya á wẹ́wẹ́.

Bàbá rẹ,
Télọ̀ tó gbàgbé

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù keje

Bàbá mi,

Nọ́ọ̀sì dé lánàá. Ó ní kí n sọ fún yín pé yẹ̀rì òun mẹ́ta ti ya lọ́nà. Mo wọ aṣọ náà kí n tó tú ìṣẹ́tí rẹ̀. Ó fún mi ní ìbàdí, mi ò lè jókòó nínú rẹ̀. Ìbéèrè yín nípa sísanra ti rí èsì gbà nìyẹn. Mo dúró nínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, mò ń wo apá mi méjèèjì nínú dígí.

Mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ, mo dúró lórí ìlà, mo fi káàdì lé obìnrin kan lọ́wọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọ̀sán, ni màá dé. Ẹ má tíì ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́jọ́ náà, mò ń gbé aṣọ yìí bọ̀ kí ẹ tú ìbàdí rẹ̀, kí ẹ sì fi téèpù wọ̀n mí láti orí dé ẹsẹ̀. Èmi ni màá kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní ibi iṣẹ́, mi ò ka ìwé fún àwọn oníbàárà mọ́. Ọ̀rọ̀ ilé kọfí yẹn ni mo ń sọ fún wọn. Wọ́n ń gbọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ ní kí n ya lẹ́tà yín wẹ́wẹ́. Òótọ́ ni, ohun tí mo fi ń kọ́ gbogbo ayé nìyẹn. Mi ò ya á o, Bàbá. Mo ra píìnì, mo sì gún un mọ́ ògiri yàrá mi.

Èmi ni,
Tíṣà, ọmọ olè